Kẹ̀kẹ́ kábọ́ọ̀nù tòkunbọ̀: báwo lẹ ṣe ń fọ̀ ọ́, báwo lẹ ṣe ń tọ́jú ẹ̀?

Ẹlẹ́ṣin_Irin, Súrùlérè

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ra kẹ̀kẹ́ kábọ́ọ̀nù kan ni, tòkunbọ̀. Ó fúyẹ́ débi pé ọmọdé á gbé e. Ẹni tó tà á fún mi ní kí n máa gùn ún lọ sí káwọ́ọ̀ṣì, kí wọ́n tú omi sí i lára, kí wọ́n fi kẹrosíìnì fọ ṣéènì ẹ̀, ọ̀rọ̀ bùṣe. Ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ máa ń gùn láàárọ̀ Sátidé ní bí mo bá dán an wò, owó mi ti wọgbó. Ta ni kí n gbọ́ tiẹ̀ báyìí?

Ọ̀nà Lẹ́kí sí Ẹ̀pẹ́ la máa ń gùn jù, ẹ sì mọ bí atẹ́gùn òkun ṣe ń fẹ́ níbẹ̀. Èmi náà kì í làágùn kékeré. Bíréèkì ẹ̀ jẹ́ onídíìsìkì, ọ̀pá ìjókòó ẹ̀ jẹ́ alumíníọ̀mù. Ẹ dákun, ẹ là mí lóye.

Mọ́kọ́lá_Mẹkáníìkì, Ìbàdàn

Ẹ kú oríire o. Ọ̀rẹ́ yín ló sọ òótọ́.

Ẹ jẹ́ ká mú ti káwọ́ọ̀ṣì kúrò nílẹ̀ ná. Omi tó ń jáde lẹ́nu ẹ̀rọ wọn yẹn kò ní dá férémù lu lójú ẹsẹ̀. Bẹ́ríìnì ló ń bá jà: èyí tó wà lọ́rùn kẹ̀kẹ́, èyí tó wà nídìí pẹ́dà, àti èyí tó wà ní àárín gbùngbùn táyà kọ̀ọ̀kan, tiwájú àti tẹ̀yìn. Omi á fi ipá gba abẹ́ rọ́bà tó bo bẹ́ríìnì wọlé, á fọ gíríìsì kúrò, kò sì ní rọ́nà jáde mọ́. Kó tó pẹ́, gbogbo ìgbà tí ẹ bá tẹ pẹ́dà ni nǹkan á máa ké lábẹ́ yín. Bí ọ̀dà ara férémù bá sì ti ṣí níbì kan, omi náà á hú díẹ̀ sí i kúrò.

Báyìí lèmi ṣe ń fọ tàwọn oníbàárà mi. Korobá méjì, ọ̀kan fún ọṣẹ, ọ̀kan fún omi lásán. Ọṣẹ ìfọwo olómi, irú Morning Fresh, ìwọ̀nba díẹ̀ ló ń fẹ́. Ẹ má lo ọṣẹ oníyẹ̀fun tí a fi ń fọṣọ, kì í yòrò tán, á máa ha ọ̀dà. Ẹ má lo Jik, ẹ má lo tínà, ẹ má sì jẹ́ kí bẹntiróòlù kan férémù. Tínà máa ń jẹ ọ̀dà, ọ̀dà yẹn sì ló ń gba oòrùn sílẹ̀ fún àtè tó so kábọ́ọ̀nù pọ̀.

Ibi ṣéènì ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, torí ibẹ̀ ni ìdọ̀tí pọ̀ sí jù. Búrọ́ọ̀ṣì tí ẹ bá fi fọ ṣéènì kò gbọdọ̀ kan férémù láéláé. Yanrìn àti irin wẹ́wẹ́ ló kún inú òróró dúdú yẹn. Lẹ́yìn ṣéènì, ẹ fi omi ṣan yanrìn kúrò lára férémù kí ẹ tó fi ohunkóhun nù ún. Èmi ka èyí sí ju irú ọṣẹ tí ẹ bá lò lọ, torí yanrìn tí fóòmù ń wọ́ kiri ló ń fa ilà wẹ́wẹ́ sára ọ̀dà. Ó wá kan fóòmù tó rọ̀, kì í ṣe kànrìnkànrìn ìfọkòkò, láti òkè wá sísàlẹ̀. Ẹ ṣan án, ẹ fi síńgílẹ́ẹ̀tì àtijọ́ nù ún gbẹ. Kí ẹ tó gbé e wọlé, ẹ yọ ọ̀pá ìjókòó, kí ẹ dorí kẹ̀kẹ́ kodò. Omi tó máa ń jáde nínú férémù míì, ẹ ó ní ta ló pọn ọ́n sí i.

Bí ọ̀dà yín bá jẹ́ èyí tí kì í dán, ẹ má fi ìpara tí wọ́n fi ń mú ọkọ̀ dán pa á o. Ibi tí ẹ bá ti pa á á máa dán, ibòmíì ò ní dán, ojú ẹ̀ ò ní dọ́gba mọ́.

Ọmọ_Ẹ̀gbá

Ẹ̀yin èèyàn yìí ẹ máa ń sọ nǹkan di líle ṣá. Raleigh bàbá mi, kẹrosíìnì la fi ń fọ̀ ọ́ látòkè délẹ̀, ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì la fi ń pa ṣéènì ẹ̀, ó ṣì wà nílé ní Abẹ́òkúta títí dòní. Kí ló dé tí ti ìsinsìnyí fi ń fẹ́ ìkẹ́ tó báyìí?

Mọ́kọ́lá_Mẹkáníìkì

Ẹ̀gbọ́n, irin ni Raleigh bàbá yín. Bí òkúta bá ba irin, á tẹ̀, ẹ ó rí ibi tó ti tẹ̀, ẹ ó sì máa gùn ún lọ. Kábọ́ọ̀nù kì í tẹ̀. Fọ́nrán ni, tó tín-ín-rín ju irun orí lọ, tí wọ́n tẹ́ ní ìpele-ìpele, tí wọ́n wá fi àtè epoxy mú pọ̀ títí tó fi gan. Bí aṣọ òfì ló rí: ẹ fà á gbọọrọ, apá yín ò ní ká a, ẹ fi ṣóńṣó nǹkan gún un, á lu. Ìdí nìyí tí férémù tó ń gbé géńdé fò kòtò lójoojúmọ́ fi lè sán lọ́wọ́ mẹkáníìkì tó kàn fi irin fún un mú lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ibòmíì wà lára ọ̀pá òkè tí kò nípọn ju nǹkan bíi mílímítà 1 lọ.

Ti kẹrosíìnì, ẹ ò jẹ̀bi tán. Bí ẹ bá tú ṣéènì kúrò lára kẹ̀kẹ́, tí ẹ rẹ ẹ́ sínú abọ́ níbi tó jìnnà sí férémù àti díìsìkì, kẹrosíìnì ń ṣiṣẹ́. Àmọ́ ó gbọ́dọ̀ gbẹ pátápátá kí ẹ tó fi òróró tuntun sí i, torí kẹrosíìnì fúnra ẹ̀ kì í ṣe òróró ṣéènì. Bẹntiróòlù ni kí ẹ sá fún, nítorí iná. Ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì sì ki jù, gbogbo eruku ọ̀nà ló ń lẹ̀ mọ́ ọn, ó wá ń di nǹkan tó ń lọ eyín irin. Òróró ṣéènì gidi, ẹ kán ẹyọ kan sí oríkèé kọ̀ọ̀kan, ẹ yí pẹ́dà díẹ̀, ẹ wá fi àkísà nu gbogbo èyí tó wà níta kúrò. Inú oríkèé ló ti ń ṣiṣẹ́. Tó bá di àsìkò ọyẹ́, èyí tó máa ń gbẹ, tí wọ́n fi ìda ṣe, ló dáa jù, eruku kì í fẹ́ràn ẹ̀.

Ọmọ_Òtìgbà, Ìkẹjà

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbàgbé díìsìkì. Òróró ni ọ̀tá ẹ̀. Pádì bíréèkì máa ń mu òróró, tó bá sì ti mu ún, á máa ké, kò ní mú dáadáa mọ́, pádì tuntun ló kù. Nítorí náà ẹni bá ń fọ́n òróró alágolo sí ṣéènì lẹ́gbẹ̀ẹ́ díìsìkì ń wá ìjàǹbá.

Ọtí isopropyl tí àwa atúnfóònùṣe fi ń fọ bọ́ọ̀dù ni mo fi ń nu díìsìkì tèmi. Ẹ da díẹ̀ sórí àkísà tó mọ́, àkísà tí kò tíì kan ṣéènì rí, ẹ fi nu díìsìkì yíká. Ẹ má fi ìka kan ojú ẹ̀, ọ̀rá ara èèyàn tó láti bà á jẹ́. Bí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gùn ún dé, ẹ jẹ́ kó tutù ná, á jó yín lọ́wọ́.

Ẹni tí bíréèkì tiẹ̀ ń fún ríìmù, tí ríìmù náà sì jẹ́ kábọ́ọ̀nù, pádì tiẹ̀ yàtọ̀. Ẹ má yọ pádì tó ti ṣiṣẹ́ lórí ríìmù alumíníọ̀mù wá lò ó. Irin wẹ́wẹ́ tó ti rì sínú ẹ̀ á fá ríìmù yín bí ẹ ṣe ń fún un.

Peckham_sí_Ìjẹ̀bú, London

Ẹlẹ́ṣin_Irin, ohun tó bà mí lẹ́rù jù nínú gbogbo ohun tí ẹ kọ ni ọ̀pá ìjókòó alumíníọ̀mù yẹn, kò tiẹ̀ sẹ́ni tó mẹ́nu bà á.

Wọ́n máa ń da iyọ̀ sí títì níbí nígbà òtútù kí omi má baà dì lójú ọ̀nà, nítorí náà a mọ ìwà iyọ̀ dáadáa. Iná mànàmáná lè gba ara kábọ́ọ̀nù kọjá. Bí kábọ́ọ̀nù bá fara kan alumíníọ̀mù, tí omi oníyọ̀ sì wà láàárín wọn, ẹ ti ṣe bátìrì nìyẹn, alumíníọ̀mù ló sì ń jẹ gbèsè ẹ̀. Á máa yọ lẹ́búlẹ́bú funfun, lẹ́búlẹ́bú náà á wú, á há ọ̀pá mọ́ inú férémù. Òógùn yín, omi oníyọ̀ ni. Atẹ́gùn Lẹ́kí náà, iyọ̀ ló gbé dání.

Ọ̀ràn yìí ti pẹ́. Púpọ̀ nínú àwọn kẹ̀kẹ́ kábọ́ọ̀nù àkọ́kọ́, ọ̀pá kábọ́ọ̀nù ni wọ́n fi gúlúù lẹ̀ mọ́ oríkèé alumíníọ̀mù. Irú ẹ̀ ni Look KG 86 tí Greg LeMond, eléré kẹ̀kẹ́ ọmọ Amẹ́ríkà, gùn nígbà tó gba Tour de France, ìdíje kẹ̀kẹ́ ńlá ilẹ̀ Faransé, ní 1986. Lára irú férémù bẹ́ẹ̀ tó ti dàgbà, oríkèé máa ń tú torí ohun tí mo ń sọ yìí. Ẹ̀yin tí ẹ ń ra tòkunbọ̀, bí ẹ bá rí kẹ̀kẹ́ ayé ìgbà yẹn, ẹ wo ẹnu oríkèé dáadáa. Bí ọ̀dà bá ti wú níbẹ̀, tàbí tí nǹkan funfun ń yọ, ẹ dá a padà fún ẹni tó ni ín, ì báà jẹ́ ọ̀fẹ́.

Ti yín, ẹ fi téèpù sàmì sí ibi gíga ọ̀pá, ẹ yọ ọ́ ní oṣooṣù, ẹ nu ọ̀pá àti inú ihò ẹ̀, kí ẹ sì dá a padà pẹ̀lú ìpara kábọ́ọ̀nù. Ìpara yìí ní yanrìn wẹ́wẹ́ nínú, ó ń jẹ́ kí ọ̀pá dúró láìjẹ́ pé a fún bóòtù jù. Kì í ṣe gíríìsì o. Gíríìsì á máa yọ̀, ọ̀pá á máa rì, ẹ ó máa fún bóòtù sí i kó lè dúró, fífún yẹn ló sì ń fọ́ férémù.

Tó bá ti há ńkọ́? Mo mọ̀ pé àwọn kan nílé á ní kí ẹ fi iná yọ́ ọ. Rárá. Alumíníọ̀mù máa ń fẹ̀ bí ooru bá mú un, kábọ́ọ̀nù kì í fẹ́ẹ̀ fẹ̀ rárá. Ẹni tó bá fi iná sí i, ńṣe ló túbọ̀ ń há a, ooru náà á sì tún rọ àtè inú férémù. Yìnyín ni kí ẹ fi aṣọ dì mọ́ ọ̀pá náà kó lè sún kì, kí ẹ wá máa di ìjókòó mú yí i sọ́tùn-ún sósì, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Bí kò bá gbọ́, ẹ gbé e fún ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe. Ẹ má wá sípánà páípù o!

Ẹlẹ́ṣin_Irin

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Mo dìde lórí oúnjẹ lọ wo ọ̀pá yẹn. Ó yọ, àmọ́ ó jà. Lẹ́búlẹ́bú funfun wà níbi ìsàlẹ̀ ẹ̀ lóòótọ́, tó ti mú alumíníọ̀mù ṣe kàsàkàsà. Inú férémù ní tiẹ̀ ṣì dán.

Ìbéèrè tó kù: báwo ni màá ṣe mọ ìwọ̀n tí màá fún un dé? N kò ní sípánà tó máa ń dún tí bóòtù bá ti le dé ìwọ̀n yẹn.

Ìyá_Ìbejì, Bódìjà

Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ bóòtù yẹn, wọ́n máa ń kọ ọ́ sí i. 5 Nm (niutọni-mítà, ìwọ̀n ipá tí a fi ń yí bóòtù) ló wọ́pọ̀ jù fún ibi ìjókòó àti ibi ọwọ́ kẹ̀kẹ́, àmọ́ èyí tí wọ́n bá kọ sára tiyín ni kí ẹ tẹ̀ lé. Fíṣíìsì ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ, báyìí ni mo sì ṣe ń ṣàlàyé ẹ̀ fún wọn: ẹ mú sípánà tó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 10, ẹ nà án gbalaja, ẹ so kẹ́ẹ̀gì lítà 5 tí omi kún inú ẹ̀ mọ́ ìparí ẹ̀. Ohun tí kẹ́ẹ̀gì yẹn ń ṣe fún bóòtù ni 5 Nm. Ẹ rí i pé kò tó nǹkan. Ẹni tó bá di sípánà gígùn mú, tó fi gbogbo ara fún un bí wọ́n ṣe máa ń fún nọ́ọ̀tì táyà mọ́tò, á kọjá ẹ̀ fíìfíì kó tó mọ̀.

Ṣùgbọ́n kẹ́ẹ̀gì kì í ṣe irinṣẹ́ o, ẹ má lọ so ó mọ́ kẹ̀kẹ́. Ẹ ra sípánà yẹn. Àwọn kékeré kan wà tí wọ́n ti sé mọ́ 5 Nm láti ilé iṣẹ́, tó bá ti dé ibẹ̀ á ké kọ̀, ẹ dúró. Owó ẹ̀ kò sí níbi owó férémù. Níbi tí bóòtù bá ti ju ẹyọ kan lọ, bíi níwájú ibi tó di ọwọ́ kẹ̀kẹ́ mú, ẹ má fún ọ̀kan tán kí ẹ tó lọ sí èkejì. Díẹ̀ níbí, díẹ̀ lọ́hùn-ún, ní ìfà-kan-ìfà-kan, kí àlàfo òkè àti tìsàlẹ̀ lè dọ́gba.

Ọmọ_Ẹ̀gbá

Ó dáa, mo gbà fún yín. Ẹ wá gbọ́ ná. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ní irú ẹ̀, orí ọkọ̀ ló máa ń so ó mọ́ tó bá ń bọ̀ láti Èkó. Ṣé kò sí nǹkan kan níbẹ̀?

Mọ́kọ́lá_Mẹkáníìkì

Ó wà níbi tó bá gbé so ó. Bí okùn bá gba orí ọ̀pá òkè tí wọ́n wá fà á le dan-in, ohun tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan náà ló ń ṣẹlẹ̀, wọ́n ń fún un lẹ́gbẹ̀ẹ́. Táyà ni kí ó fi okùn mú, kó sì fi fóòmù sí gbogbo ibi tí kẹ̀kẹ́ ti lè fara gbá irin. Bó bá jẹ́ ẹ̀yìn ọkọ̀ ló ń gbé e kọ́, kó wo ibi tí èéfín sáléńsà ń jáde sí. Ooru ibẹ̀ lè ba ríìmù kábọ́ọ̀nù jẹ́ kí wọ́n tó dé Ṣágámù.

Nínú ṣọ́ọ̀bù náà bẹ́ẹ̀ ni. Bí ẹ bá gbé kẹ̀kẹ́ lọ fún mẹkáníìkì, tó fẹ́ fi irin ìdúró rẹ̀ gbá ọ̀pá òkè mú, ẹ sọ fún un pé ọ̀pá ìjókòó ni kó mú. Bó bá bínú, ẹ gbé kẹ̀kẹ́ yín.

Ìyá_Ìbejì, Bódìjà

Ẹ jẹ́ kí n fi èyí kún un, torí òun ló mú kí n máa fọ tèmi fúnra mi, n kì í gbé e fún àwọn ọmọ. Ìgbà tí mo bá ń nù ún ni mo máa ń yẹ̀ ẹ́ wò. Ìdọ̀tí kò pa kẹ̀kẹ́ kábọ́ọ̀nù rí. Sísán tí ẹnikẹ́ni ò rí ló ń dá èèyàn lulẹ̀.

Ẹ nù ún níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà. Abẹ́ ọ̀pá ìsàlẹ̀, níbi tí òkúta tí táyà iwájú ń ta máa ń bà. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀pá ẹ̀yìn tó sún mọ́ ṣéènì, torí ṣéènì tó bá já bọ́ máa ń fá a (ẹ fi rọ́bà inú táyà àtijọ́ wé ibẹ̀, kò náni ní nǹkan kan). Ìdí pẹ́dà, ọrùn, ẹsẹ̀ fọ́ọ̀kì méjèèjì, ibi tí wáyà bíréèkì ti ń ha férémù. Ẹ fi aṣọ òwú fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ fà lára wọn: bí ó bá kọ́ níbì kan, ẹ dúró, ó lè jẹ́ fọ́nrán ló ti yọrí. Ẹ má fi ìka lásán wá a o, ẹ̀gún kábọ́ọ̀nù kì í ṣeé yọ bọ̀rọ̀.

Ibi tó bá fu yín lára, ẹ fi owó wẹ́wẹ́ kàn án kọ̀kọ̀kọ̀ yíká, bó tilẹ̀ jẹ́ pé n kò mọ ibi tí èèyàn ti ń rí owó wẹ́wẹ́ nílùú yìí mọ́. Ìdí kọ́kọ́rọ́ kékeré náà á ṣe é. Ibi tó bá le á máa dún ketekete. Ibi tí ìpele inú ẹ̀ bá ti ṣí kúrò lára ara wọn, ohùn ẹ̀ á kú. Ṣùgbọ́n ohùn máa ń yàtọ̀ níbi tí ọ̀pá ti nípọn, nítorí náà ẹ fi apá ọ̀tún wé apá òsì, ibì kan náà sí ibì kan náà. Bí ohùn bá sì dáa, kò ní kẹ́ni tó ṣubú gidi gbé ọkàn lé e. Àwọn tó ní ẹ̀rọ tó ń fi ìró wo inú ẹ̀, irú èyí tí wọ́n fi ń wo aláboyún, ló lè sọ ọ́ dájú.

Ọmọ_Òtìgbà, Ìkẹjà

Àwọn tó ń fi fáíbà lẹ bọ́ńpà mọ́tò, ṣé wọn ò lè bá wa lẹ̀ ẹ́?

Mọ́kọ́lá_Mẹkáníìkì

Bọ́ńpà kì í gbé èèyàn. Fáíbà gíláàsì ni wọ́n ń lò, wọ́n á lẹ̀ ẹ́ sójú, wọ́n á yọ́ ọ, wọ́n á kùn ún, ẹ ò ní mọ ibi tó ti sán mọ́. Ewu ẹ̀ gan-an nìyẹn. Àtúnṣe kábọ́ọ̀nù wà o, ó sì máa ń dáa. Ẹni tó mọ̀ ọ́n á fá ibi tó bàjẹ́ kúrò dé ibi tó le, á tẹ́ kábọ́ọ̀nù tuntun sí i ní ojú ọ̀nà tí ti àkọ́kọ́ dojú kọ, pẹ̀lú epoxy. Kó di imú o, eruku ẹ̀ kò dára fún ẹ̀dọ̀fóró.

Ṣùgbọ́n fọ́ọ̀kì àti ọwọ́ kẹ̀kẹ́, èmi kì í tún wọn ṣe. Bí wọ́n bá sán, ẹ fi ayùn gé wọn sí méjì kí ẹ tó jù wọ́n nù, kí ẹlòmíì má baà ṣà wọ́n lọ tà.

Ẹlẹ́ṣin_Irin

Háà. Mo ti lọ wo abẹ́ ọ̀pá ìsàlẹ̀ báyìí. Ilà kan wà níbẹ̀, kò gùn ju èékánná mi lọ. Aṣọ ò kọ́ ọ. Ohùn ẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti ẹ̀gbẹ́ ẹ̀.

Mọ́kọ́lá_Mẹkáníìkì

Ẹ fi èékánná fà á ní ìdábùú. Bí èékánná bá rì sí i, ẹ má gùn ún mọ́ títí ẹnì kan á fi wò ó. Bí kò bá rì, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ọ̀dà nìkan. Ẹ fi bírò sàmì sí orí méjèèjì ilà náà, kí ẹ ya fọ́tò ẹ̀. Bó bá kọjá àmì, kì í ṣe ọ̀dà.

Ẹlẹ́ṣin_Irin

Kò rì. Mo ti sàmì sí i, mo sì ti ya fọ́tò. Ẹ̀gbọ́n Peckham, ṣé ẹ mọ ẹnikẹ́ni tó ń bọ̀ nílé? N kò tíì rí ìpara yẹn rà ní Èkó.

Peckham_sí_Ìjẹ̀bú, London

Àǹtí mi ń bọ̀ fún ìsìnkú lóṣù tó ń bọ̀. Màá fi sáṣẹ́ẹ̀tì mélòó kan sínú báàgì wọn, kò wúwo. Kó tó dé, ẹ má dá ọ̀pá yẹn padà pẹ̀lú gíríìsì. Ẹ fi aṣọ di ẹnu ihò férémù kí aáyán má wọ̀ ọ́, kí ẹ sì ra sípánà.